ILÉ AYÉ NÍ BAHIA: LÁMÈYÍTỌ́ ORÚKỌ KAN

Ìfáárà
Ète wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àyẹ̀wò ẹgbẹ́ Ilê Aiyê, ẹgbẹ́ onílù àti olórin tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní 1974 ní àdúgbò Liberdade, ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ilẹ̀ Bùràsíìlì. Aṣọ, ìlù àti ijó ni ó máa ń kọ́kọ́ fa ojú mọ́ra. Èrò tiwa ni pé orúkọ ẹgbẹ́ náà gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú wò, nítorí pé inú rẹ̀ ni èsì tí wọ́n fọ̀ sí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí
Òfin fi òpin sí oko-ẹrú ní Bùràsíìlì ní 1888, ṣùgbọ́n kò fún àwọn tí a tú sílẹ̀ ní ilẹ̀ tàbí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń kéde pé ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ti dàpọ̀, nítorí náà kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Síbẹ̀, ní Salvador tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá inú ọdún Carnaval kì í sábà gbà wọ́n wọlé. Nígbà tí Ilê Aiyê jáde ní 1975 pẹ̀lú aláwọ̀ dúdú nìkan, ìwé ìròyìn A Tarde ni ó pe ẹgbẹ́ náà ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Abẹ́ ìjọba ológun (1964 sí 1985) ni èyí ṣẹlẹ̀, nígbà tí sísọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ jọ dída ìlú rú.

Orúkọ náà
Orúkọ tí àwọn olùdásílẹ̀ kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni ‘Agbára Aláwọ̀ Dúdú’ ní èdè Potogí. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì mú ti Yorùbá. Òwe wa sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Lẹ́nu tiwa, àfiwé ni ọjà inú òwe yìí. Lọ́dọ̀ ẹni tí a kó gúnlẹ̀ sí Bahia, kì í ṣe àfiwé: òun fúnra rẹ̀ ni ọjà tí a tà. Bí ọmọ-ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá pe ayé ní ilé, ó ti yí òwe náà padà. Ó ń sọ pé òun kì í ṣe ohun títà mọ́, àti pé kò di ọ̀run kí òun tó nílé.

Orin tí Paulinho Camafeu kọ fún ẹgbẹ́ náà, tí Gilberto Gil ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ní 1977, tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ìbéèrè àti èsì ni: ẹni tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tipẹ́ ni ó wá ń sọ ara rẹ̀ fún olùwòran.

Àríyànjiyàn
A lè béèrè pé báwo ni ẹgbẹ́ tí ó gba ẹ̀yà kan ṣoṣo ṣe lè jẹ́ ilé ayé. Ìbéèrè náà kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tilẹ̀kùn kí ó lè wọṣọ kò jọ ẹni tí ó tilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn síta. Níbi tí a ti kọ́ ọmọ láti kórìíra irun àti imú rẹ̀, ó nílò ibi tí yóò ti kọ́kọ́ rí ẹwà ara rẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ Alẹ́ Ẹwà Dúdú tí ẹgbẹ́ náà máa ń ṣe lọ́dọọdún, níbi tí wọ́n ti ń fi irun dídì, ijó àti ìrìn yan ayaba wọn.

Àléébù tí a rí ni pé ẹwà alẹ́ kan kò lè tún ọdún kan ṣe. Ó jọ pé ẹgbẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní 1988 wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé sílẹ̀ ní orúkọ Mãe Hilda, ìyálórìṣà tí ó jẹ́ òpómúléró wọn. Ọdún 2003 ni òfin Bùràsíìlì tó pàṣẹ pé kí a máa kọ́ ìtàn Áfíríkà ní gbogbo ilé-ìwé.

Àgbálọgbábọ̀
Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ náà kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ méjì péré láti inú rẹ̀ ni wọ́n fi gbéra nílẹ̀. Àwa tí a gbọ́ ọ ni a ń fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ ọ́ ní ilé-ìwé. Lámèyítọ́ tí ó bá yin Bahia tí kò sì mẹ́nu ba ìyẹn kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.