Ẹnu Ẹfúnṣetán: Àgbéyẹ̀wò Ìyálóde Tí Kò Gbé Ọ̀rọ̀ Mì

Ère Ẹfúnṣetán Aníwúrà dúró ní oríta Challenge nílùú Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló jẹ́ pé inú eré-oníṣe Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n: ọlọ́rọ̀ tí kò lọ́mọ, tó ní kí wọ́n bẹ́ ẹrú tó bá lóyún lórí.

Ìkà ẹ̀dá-ìtàn yìí kò ṣeé bò. Ẹ̀jẹ̀ Adétútù wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tó bá tẹ́tí sí ìṣọwọ́lo-èdè rẹ̀ yóò rí i pé ẹjọ́ ló ń bá Elédùmarè rò. Ó gba ọlá, kò gba ọmọ. Ó sì ń béèrè ìdí. Àṣẹ àti ìbéèrè mọ̀-ọ́n-nú kún ẹnu rẹ̀. Kò sí ìjòyè kan nínú eré náà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú tó tirẹ̀.

Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní irú rẹ̀. Ní apá ìparí sẹ́ńtúrì kẹrìnlá, Geoffrey Chaucer dá Alison, obìnrin ará Bath, tó fẹ́ ọkọ márùn-ún tí kò sì tijú sọ ọ́. Ọkọ karùn-ún a máa ka ìwé ìwà burúkú àwọn aya sí i létí. Alison fa ìwé náà ya. Ọkọ lù ú, etí rẹ̀ kan di. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ta ló ya àwòrán kìnnìún? Bí obìnrin bá ń kọ ìwé, ẹjọ́ ọkùnrin ni ìbá kún inú rẹ̀.

Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ eré Ìṣọ̀lá. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní 1921, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà fi kan Ìyálóde: kò bá òun rogun, kò fi ìpèsè ránṣẹ́, kò sì wá pàdé òun nígbà tí òun ń ti ogun bọ̀. Johnson mẹ́nu ba ìkà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkà kò sí nínú ẹ̀sùn. Ní 1874, ẹrú pa á lójú oorun. Nínú eré, ìkà ni wọ́n torí rẹ̀ kógun tì í, májèlé tó fọwọ́ ara rẹ̀ mu ló sì pa á. Oníṣòwò tó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Bọ́láńlé Awẹ́ ló mú un padà nínú àgbéyẹ̀wò rẹ̀ ní 1992.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka Johnson àti Awẹ́ mọ́ eré náà. Síbẹ̀, iyì Ìṣọ̀lá ni pé kò pa Ìyálóde lẹ́nu mọ́: ó dá a lẹ́bi, ó sì fún un ní èdè tó dùn jù nínú ìwé náà. Òǹwòran lè kórìíra rẹ̀. Kò lè ṣàì gbọ́ ọ.