Orin Tó Rọrùn Lójú Ìwé: Àtúnyẹ̀wò lórí "The Kesh Jig"

Nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, mo pe "The Kesh Jig", orin ijó ilẹ̀ Írẹ́lándì, ní "orin akọ́bẹ̀rẹ̀". Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà jẹ níbí, nítorí àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ ju ti orin kan ṣoṣo lọ.

Ìwé ni mo gbà gbọ́. Lójú ìwé, apá méjì ni orin náà ní. Ìwọ̀n mẹ́jọ ló wà nínú apá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni a sì ń kọ apá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ wá di ìwọ̀n 32. Ìró kúkúrú mẹ́fà ló wà nínú ìwọ̀n kan, ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó bá ní fèrè páànù oníhò mẹ́fà lè há a sórí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èmi náà há a sórí. Mo fọn ọ́n tán, ìró kan kò sọnù, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè fi jó.

Kí ló fà á? Àkọ́kọ́, ìró mẹ́ta tí ìwé kọ ní ọgbọọgba kì í dọ́gba lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èyí àkọ́kọ́ a máa pẹ́ díẹ̀, èkejì a sì yára kọjá. Bí a bá ṣe é jù, orin a máa tiro. Èkejì, lórí ìró gígùn, afọnfèrè a ṣí ìka kan fìrí, a sì fi òmíràn lu ihò fìrí. Etí kò gbọdọ̀ gbọ́ ìyẹn bí ìró tuntun. Bíi kọ́ńsónáǹtì nínú ọ̀rọ̀ ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ni èémí, òun ló sì tú mi fó. Orin náà kò fi àyè sílẹ̀ fún èémí. Afọnfèrè ní láti fo ìró kan kó tó lè mí, èyí tó bá sì fò ni yóò fi hàn bóyá ó mọ ibi tí gbólóhùn orin parí sí. Ìgbà tí èémí mi bá tán ni mo máa ń mí. Àárín gbólóhùn ni mo ń gé e.

Ní 1975, ẹgbẹ́ Bothy Band fi orin yìí kan náà ṣí àwo àkọ́kọ́ wọn. Matt Molloy ló fọn fèrè, Tommy Peoples ló ta fayolíìnì. Bí orin bá díjú, ìyára ìka lè bo àbùkù mọ́lẹ̀. Èyí kò ní ìbòjú.

Ẹnìkan lè sọ pé akọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ ní Írẹ́lándì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbà kì í fi í sílẹ̀. Francis O'Neill, tó tẹ orin 1,850 jáde ní Chicago ní 1903, kò lè kọ orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀. James O'Neill ló ń bá a kọ ọ́. Etí ló ṣíwájú ìwé.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí a má fi ìwé nìkan díwọ̀n ìrọ̀rùn orin mọ́, ìbáà ṣe ti Írẹ́lándì, ìbáà ṣe orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a bá kọ sílẹ̀ ní Kétu. Bí a bá kọ ọ́ tán, kí a kọ ọ́ padà létí ẹni tó ni ín, kí oníjó sì gbé ẹsẹ̀ sí i.