Káún, Eérú àti Èdè Akẹ́kọ̀ọ́ nínú Kíláàsì Kẹ́mísírì

Ìfáàrà

Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá wọ ọdún kìn-ín-ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ni kẹ́mísírì máa ń di iṣẹ́ tí ó dá dúró fún un. Lára ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ ní kí ó há sórí ni orúkọ ogún ẹ́límẹ́ǹtì àkọ́kọ́ àti àmì wọn. Yóò há H fún hydrogen, C fún carbon, O fún oxygen, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀, nítorí pé lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ni àmì. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé orí ìkọkànlá, wọn yóò sọ fún un pé Na ni àmì sodium. Bí ó bá sì dé orí ìkọkàndínlógún, wọn yóò ní K ni ti potassium. Bí ó bá béèrè ìdí, èsì tí ó wọ́pọ̀ ni pé Látìn ni, kí ó ṣáà há a sórí.

Èsì yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbà pé àṣírí àwọn ẹlòmíràn ni kẹ́mísírì, pé kò sí ohun tí ó pa á pọ̀ mọ́ ilé tí àwọn ti wá. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó sọ pé orí òun kò gba sáyẹ́ǹsì. Ó yẹ kí a yẹ ìdájọ́ yìí wò, kí a mọ̀ bóyá orí ni ó kùnà tàbí èdè.

Ohun tí ó wà nínú àmì méjì

Humphry Davy, onímọ̀ ará Ìlú Ọba, ni ó fi iná mànàmáná ya sodium àti potassium sọ́tọ̀ ní 1807. Àmì tí wọ́n ń lò fún wọn lónìí wá láti inú ètò tí Berzelius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, gbé kalẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Na wá láti inú natrium, èyí tí ó ti inú natron jáde, ohun kan bí iyọ̀ tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń kó ní etí adágún tí ó gbẹ. K wá láti inú kalium, tí ó bá alkali tan. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí eérú ewéko sì ni ìpìlẹ̀ alkali. Orúkọ potassium fúnra rẹ̀ ti inú potash wá, ìyẹn ìkòkò àti eérú tí wọ́n so pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan.

Kò sí ilé Yorùbá tí nǹkan méjèèjì yìí ṣàjèjì sí. Ìbátan natron ni káún tí ìyá ń fi sí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, tí ó sì ń fi sí ewédú kí ó lè fà. Kanwa ni Hausa ń pè é, Igbo ń pè é ní akanwụ. Ìjọra àwọn orúkọ wọ̀nyí fi ọ̀nà òwò tí ó gbé e wá láti agbègbè adágún Chad hàn. Ní ti eérú, òun ni àwọn aláró ń da omi lé lórí nínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, tí omi rẹ̀ yóò sì máa ro sílẹ̀ fún rírẹ elu. Òun náà ni àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú ń rí láti ara èèpo kòkó, tí wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín. Nítorí náà, àmì méjì tí wọ́n ní kí ọmọ há sórí láìní ìtumọ̀, káún àti eérú ni wọ́n jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ọ̀fìn nínú. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà, potash ni wọ́n ń pe káún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ̀lé èyí yóò fi káún sábẹ́ K, bẹ́ẹ̀ sodium ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Eérú gan-an ni ó yẹ kí ó jẹ́ potash. Yorùbá ya káún sọ́tọ̀ kúrò lára eérú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ọjà ni ó dà wọ́n pọ̀.

Yọ́ àti hó

Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀ràn náà máa ń yí padà. Yorùbá ní òrí yọ́ nínú oòrùn. Wọ́n tún ní iyọ̀ yọ́ nínú omi. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni. Gẹ̀ẹ́sì lo melt fún ti àkọ́kọ́, ó lo dissolve fún ìkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí iyọ̀ tí ó pòórá sínú omi yóò kọ ọ́ sínú ìdánwò pé iyọ̀ náà “melted”, wọn yóò sì fa igi lé e. Ohun tí ojú rẹ̀ rí kò ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ tí ó fi sọ ọ́ ni ó ní. Síbẹ̀, kò yẹ kí a dá olùdánwò lẹ́bi pátápátá, nítorí pé ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì. Iyọ̀ ìsebẹ̀ kì í yọ́ nínú iná àfi bí ooru bá tó nǹkan bí 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n omi tútù lásán tó láti mú un yọ́.

Ohun tí olùkọ́ ìbá ṣe kò nira. Yorùbá máa ń fi ohun tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà ṣe ìyàtọ̀ yìí: yíyọ́ nínú iná tàbí oòrùn, òun nìyẹn, yíyọ́ sínú omi, òun nìyí. Òrí tí ó yọ́ yóò dì padà bí ó bá tutù. Iyọ̀ tí ó yọ́ sínú omi kò ní padà di iyọ̀ àfi bí omi náà bá gbẹ. Hó náà rí bẹ́ẹ̀: omi ń hó lórí iná, ọṣẹ ń hó lọ́wọ́, iná kò sì sí nídìí ọṣẹ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí olùkọ́ bá lò lórí irú àlàyé yìí ní èdè Yorùbá yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe ọdún mẹ́ta.

Àwọn tí ń jiyàn

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí ó lè gbé sáyẹ́ǹsì. Àwọn mìíràn fẹ́ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún gbogbo nǹkan. Kò sí èyí tí ó jàre tán nínú àwọn méjèèjì. Ètò èdè-ìperí, tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú ìdìpọ̀ rẹ̀ kejì ní 1990, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ṣe é ṣẹ̀dá fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ní kíláàsì kẹ́mísírì pé irin ni wúrà yóò da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, nítorí pé irin náà ni ohun tí alágbẹ̀dẹ ń rọ. Ó sàn kí a yá mẹ́tàlì lò níbẹ̀. Ní 1975, Cheikh Anta Diop ti ilẹ̀ Senegal fi èdè Wolof ṣàlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó jinlẹ̀, kò sì dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò pé pérépéré.

Ètò Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa ṣáájú, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi Yorùbá kọ́ni fún ọdún mẹ́fà gbáko; àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò rẹ̀yìn, títí kan inú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tuntun fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n sì wọ́gi lé e ní 2025, wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Àwíjàre yìí kò dúró. Ẹni tí ó ṣe ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì ní 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà 2022 tó dé. Ìlànà tí kò kàn án kò lè jẹ́ ohun tí ó mú un fìdí rẹmi.

Ìgúnlẹ̀

Kò sí ẹni tí ó ní kí WAEC fi Yorùbá ṣe ìdánwò kẹ́mísírì ní ọ̀la. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣe é ṣe láìdúró de ìjọba: kí ó mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó máa ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí ó mọ èyí tí ó máa ń ṣì í lọ́nà, kí olùkọ́ èdè sì bá a kó wọn jọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ro omi eérú, tí ó sì kúrò ní kíláàsì nítorí K, kò sá fún kẹ́mísírì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kẹ́mísírì ni wọ́n ń ṣe nílé wọn.