Ìsàmì àti Ìtẹ̀bọmi: Ṣé Omi Là Ń Jà Sí?

Láti Ìkìrun dé Ìnísà àti Òkúkù, títí kan Èkó-Èǹdé níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀tìn fún omi ẹ̀rọ, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníwàásù ìjọ àdádúró pé ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ti dá ẹjọ́: "ìtẹ̀bọmi" ni, ẹni tí omi ò bá bò mọ́lẹ̀, wọn ò tíì ṣe é fún un. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀rí yìí wò dáadáa.

Bíbélì Yorùbá tó pé ní 1884, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà. "Baptisi" ni wọ́n kọ. Àwọn ará ìjọ ló wá fún un lórúkọ, kálukú sì wo ilé rẹ̀ kó tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń ṣe é fún ọmọ ọwọ́ pè é ní "ìsàmì". Àwọn Onítẹ̀bọmi, tí Bowen bá wọn dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1850, pè é ní "ìtẹ̀bọmi". Orúkọ kìíní sọ ohun tó jẹ́: àmì. Èkejì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó mẹ́nu kan ìgbàgbọ́ ẹni tó gbà á.

Ibẹ̀ ni àléébù wà. Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti 1662 ní kí àlùfáà ri ọmọ bọ omi. Bí ara ọmọ ò bá le ló ní kó kàn da omi sí i lára. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gíríìsì ń ri ọmọ ọwọ́ bọ omi lẹ́ẹ̀mẹta di òní olónìí. Ìtẹ̀bọmi gidi nìyẹn, àbí? Ṣé àwọn oníwàásù wa á wá gbà á? Rárá o. A jẹ́ pé bí omi ṣe pọ̀ tó kọ́ ni gbòǹgbò ìjà.

Ìtàn náà jẹ́rìí sí i. Ẹgbẹ́ àdúrà tí Joseph Ṣàdárè ṣe olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìjọ St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918. Ní 1922 wọ́n fi Áńgílíkà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsàmì ọmọ ọwọ́ náà sì wà níbẹ̀. Bí àlùfáà bá ti ri àwọn ọmọ náà bọ odò pátápátá, wọn ì bá ṣì lọ, torí ọmọ ọwọ́ ò lè ronú pìwà dà. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni okùn náà ti fà dé Faith Tabernacle, tó fi dé CAC.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún ọmọ Áńgílíkà pé "wọ́n kàn wọ́n ọ lómi ni" ń fi ẹ̀rí tó dáa sílẹ̀, ó ń mú èyí tí ò lágbára. Ìbéèrè rẹ̀ gan-an ni: nígbà yẹn, ṣé o gbàgbọ́? Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí mú lójú méjèèjì. Bí ìgbàgbọ́ bá ni gbòǹgbò, kí ló dé tí ìjọ kan fi ń tún ẹni tó ti gbàgbọ́, tí wọ́n sì ti tẹ̀ bọ omi ní ìjọ mìíràn, tẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kejì kó tó di ọmọ ìjọ? Ìyẹn kì í ṣe ìtẹ̀bọmi onígbàgbọ́ mọ́; ìtẹ̀bọmi ọmọ ẹgbẹ́ ni.