Ìgbé-Ayé Ojoojúmọ́ nínú Ìwé Ìkọ́ni ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ L. G. Alexander

Ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ìwé Yorùbá, wọn kò sì kọ ọ́ fún wa. New Concept English ni orúkọ rẹ̀, L. G. Alexander ni ó kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ Longman sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1967. Ẹni tí ó bá béèrè pé kí ni èyí kan olùkọ́ Yorùbá kò jẹ̀bi. Èsì wa ni pé àwọn ọmọ tí ó ń jókòó níwájú wa ní wákàtí Yorùbá náà ni ó ń jókòó níwájú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní wákàtí tí ó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá fi yé wọn lọ́hùn-ún pé báyìí ni ènìyàn ṣe ń gbé ayé, tí àwa sì ń fi yé wọn níhìn-ín pé báyìí ni ènìyàn ṣe gbé ayé rí, ọmọ náà kò ní pẹ́ mọ èdè tí ó ni òní àti èdè tí ó ni àná. Ohun tí ó mú wa gbé ìwé yìí nìyẹn.

Apá mẹ́rin ni ìwé náà ní. Ẹ̀kọ́ 144 ni ó wà nínú Ìwé Kìíní, 96 nínú Ìkejì, 60 nínú Ìkẹta, 48 nínú Ìkẹrin. Alexander, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1932, tí ó sì kú ní 2002, gbà pé etí ni ó yẹ kí ó ṣíwájú: kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ kí ó tó sọ, kí ó sọ kí ó tó kà, kí ó kà kí ó tó kọ. Ìwé rẹ̀ rìn jìnnà. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, àìmọye ènìyàn ni ó fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, débi pé ní 1997 wọ́n ṣe àtúnṣe ìwé náà fún wọn níbẹ̀, tí He Qixin sì bá a lọ́wọ́ sí i. Ìtàn kúkúrú, tí ó ń pani lẹ́rìn-ín, ni ó pọ̀ jù nínú Ìwé Kejì. Kò sí orí kan níbẹ̀ tí a pè ní àṣà. A ó padà sí èyí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú Ìwé Kìíní. Kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Ẹnì kan rí báàgì, ó pe obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, ó bi í bí ó bá jẹ́ tirẹ̀. Obìnrin náà kò gbọ́ dáadáa, ó ní kí ó tún un sọ. Ó rí i pé tòun ni, ó dúpẹ́, ó parí. Ẹ wá gbé e fún ọmọ kíláàsì kejì pé kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Orí ‘Excuse me’ ni yóò ti kọ́kọ́ dúró. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwa fi ń pe ẹni tí a kò mọ̀ lójú pópó. A ní láti wò ó ná bóyá ìyá àgbà ni, tàbí abilékọ, tàbí ọmọge. ‘Màmá, ẹ jọ̀ọ́’, ‘Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́’, ‘Sìsí, jọ̀ọ́’. Kí Yorùbá tó béèrè ẹni tí ó ni báàgì, ó ti sọ ipò tí ó fi olúwarẹ̀ sí. Àwọn kan láàárín wa máa ń sọ pé èyí fi hàn pé Òyìnbó kò mọ ọ̀wọ̀. Irọ́ gbáà ni. Ọ̀wọ̀ tiwọn ni pé wọ́n tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé àkókò rẹ̀ jẹ́ ilé tí a kì í wọ̀ láìkan ìlẹ̀kùn. Olùkọ́ tí ó bá fi ‘ẹ jọ̀ọ́’ túmọ̀ rẹ̀, tí ó sì kọjá lọ, ọ̀rọ̀ ni ó kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì nínú Ìwé Kejì ni ó wù wá jù. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Ẹni tí ó ń sọ ìtàn náà kì í tètè jí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ọ̀sán ni yóò bá a lórí ibùsùn. Ó wo ojú fèrèsé, òjò tún ń rọ̀. Tẹlifóònù dún: Lucy, àǹtí rẹ̀, ni. Ọkọ̀ ojú irin ni ó bá dé, ó ní òun ń bọ̀ wá kí i. Ẹni náà dáhùn pé oúnjẹ àárọ̀ ni òun ṣì ń jẹ lọ́wọ́. Ẹnu ya àǹtí, nítorí pé aago kan ọ̀sán ti lù.

Ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì dùn. Nígbà tí a kà á fún kíláàsì wa kan, àwọn ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín níbi tí òǹkọ̀wé fẹ́ kí wọ́n ti rín in. Ohun tí wọ́n bi wá ni pé, ‘Ṣé kò kí wọn káàbọ̀ ni?’ Ìbéèrè náà tọ́. ‘Aunt’ kò sọ fún wa bóyá ẹ̀gbọ́n bàbá ni tàbí àbúrò ìyá, kò sì sọ bóyá ó fi ogún ọdún ju ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lọ tàbí ọdún méjì péré. Ẹni tí ó bá ń ṣe aáyan ògbufọ̀ kò lè bọ́ nínú èyí. Ó ní láti mú ‘ẹ’ tàbí ‘o’. Bí ó bá sì ti mú ‘ẹ’, ‘ẹ’ yẹn yóò fa àwọn mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń fi ‘ẹ’ bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ kò ní sọ fún un, bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, pé òun ń jẹun. Ohun tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, ‘Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ìrìn. Ilé ńkọ́? Ṣé kí n wá pàdé yín?’ Bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ bá sì máa wọ̀ ọ́ rárá, ìpè sí oúnjẹ ni yóò jẹ́: ‘Ẹ bá mi re, mà, ẹ máa bọ̀ wá jẹun.’ Òjò tí ẹni náà rí lójú fèrèsé pàápàá, ara rẹ̀ ni ó bá sọ ọ́. Tiwa, ‘ẹ kú òjò’ ni. Ẹlòmíràn ni a ń fi òjò kí.

Ibi tí ẹ̀fẹ̀ náà gan-an wà tún le ju èyí lọ. Oúnjẹ àkọ́kọ́ lẹ́yìn oorun ni ‘breakfast’, aago yòówù tí ó lè jẹ́. ‘Oúnjẹ àárọ̀’ tiwa mọ́ àárọ̀ ni. Ẹni tí ó bá ní òun ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní aago kan ọ̀sán, lójú ọmọ Yorùbá, kò ṣe ẹ̀fẹ̀, àṣìsọ ni ó sọ; ohun tí àwa ń sọ ni pé a kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. A ní ọ̀rọ̀ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti Gẹ̀ẹ́sì ní ìhun, èyíinì ni ‘ṣínu’, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń gba ààwẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán lọ́wọ́ wa. Ọmọ tí kò bá mọ èyí yóò há ìtàn náà sórí, yóò gba máàkì rẹ̀, kò sì ní mọ ohun tí ó pa Òyìnbó lẹ́rìn-ín.

Bákan náà ni ti ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé kan náà, níbi tí ẹnì kan ti lọ wo eré ní tíátà, tí ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo. Ó wojú wọn títí, wọn kò dáwọ́ dúró. Níkẹyìn ó fi ìbínú sọ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rò pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni ó fẹ́ gbọ́, ó ní kò kàn án. Ìtàn yìí kò dúró àfi bí a bá gbà pé òǹwòran ní láti dákẹ́. Ta ni ó dákẹ́ níbi eré Ògúǹdé tàbí ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá? Òǹwòran a máa dá òṣèré lóhùn, a máa kìlọ̀ fún un pé ọ̀tá ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, a sì máa bá wọn gbe orin. A kò sọ pé èyí sàn ju tọ̀hún. Ohun tí a ń sọ ni pé Alexander kò rò pé àṣà ni òun ń kọ. Lójú tirẹ̀, bí ayé ti rí ni.

A kò ní pẹ́ lórí ìtàn Percy Buttons, alágbe tí ó kan ìlẹ̀kùn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, tí ó tọrọ oúnjẹ àti ọtí bíà, tí ó sì fi orí dúró, tí ó kọrin láti fi san án. Ọmọ tí ó ti rí onílù níbi ìnáwó yóò ní ẹni yìí kò ṣagbe, iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ohun kan wà tí ìwé náà kò lè sá fún: òde òní a máa di àtijọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa béèrè ìdí tí Àǹtí Lucy kò fi tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kí ó tó wọ ọkọ̀. Káàdì ìkíni tí ẹnì kan rà ní Ítálì nínú ẹ̀kọ́ kẹta, tí kò sì rí ìkankan kọ nínú rẹ̀, wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà, ìwà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tíì kú: Òyìnbó ṣì ń sọ tẹ́lẹ̀ kí ó tó wá, ó sì ṣì ń tọrọ ààyè kí ó tó sọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé a ti rí oògùn rẹ̀. Ó pẹ́ tí Phebean Ogundipe ti wà lára àwọn tí ó kọ Brighter Grammar, pẹ̀lú C. E. Eckersley àti Margaret Macaulay. Òun àti P. S. Tregidgo ni ó sì kọ Practical English fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi Adé rọ́pò John, tí Adé sì ń sọ̀rọ̀ bíi John, orúkọ nìkan ni a yí padà. Kò sì yẹ kí ó jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti bá wa sọ ìgbé-ayé Yorùbá.

Kí ni àwa ń ṣe sí i? Nínú ìwé àṣà wa, ‘ní ayé àtijọ́’ ni ó ń ṣí ojú-ewé púpọ̀. A ń kọ́ ọmọ pé ‘àrẹ̀dú o’ ni à ń kí aláró, ‘àroko bọ́dún dé o’ ni à ń kí àgbẹ̀. Ó dára. Ọmọ náà kò tíì rí aláró rí, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ó ń rí mẹkáníìkì, ọlọ́kadà àti ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fúnni, kò sì sí ojú-ewé kan tí ó bá a sọ bí wọ́n ti ń kí ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń kí ara wọn. Ti ìgbéyàwó burú jù. Ìfojúsóde, alárinà, ìṣíhùn, ìtọrọ, ìdána: ọmọ ti há a sórí bí i tírà. Ní Sátidé tí ó kọjá ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí ìdána, ó rí alága ìjókòó àti alága ìdúró bí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ dára tí wọ́n ń gbowó, ó rí bí ẹbí ọkọ ti ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ayàwòrán ń ní kí wọ́n tún un ṣe nítorí fídíò. Bí ó bá kọ èyí sínú ìdánwò, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbá máàkì yóò fa igi pupa sí i.

Ẹni tí ó bá ní bí a kò bá kọ́ wọn ní ti àtijọ́, ta ni yóò kọ́ wọn, òótọ́ ni ó sọ. A kò ní kí a pa alárinà rẹ́. Ṣùgbọ́n àbẹ̀wò Àǹtí Lucy kò sí lábẹ́ àkọlé àṣà, nítorí náà ni ó ṣe wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára.

A ti rí ibi tí wọ́n ti fún Yorùbá ní iṣẹ́ òní ṣe. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ìgbé-ayé ẹ̀dá, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Ìròyìn tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba kan náà kéde ní oṣù November 2025 pé òun ti wọ́gi lé e. Ìgbé-ayé ojoojúmọ́ nínú kíláàsì ti di ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìsàlẹ̀ wá. Wákàtí mélòó kan lọ́sẹ̀ ni ó kù sọ́wọ́ wa. Bí a bá fi gbogbo rẹ̀ sọ ti ogun jíjà àti ìwúyè, àwa fúnra wa ni a ó fọwọ́ sí ìwé náà.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹ̀yin aṣèdánwò pé kí ẹ gbé irú ìbéèrè yìí wò: ‘Ọjọ́ Ìsinmi ni, o ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ fóònù láti ibùdókọ̀ Ìwó Road ní Ìbàdàn pé àwọn ti dé, àwọn ń bọ̀ nílé yín. Kọ ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì yín.’ Kí ẹ fún ‘ẹ káàbọ̀’ ní máàkì, kí ẹ fún ‘ẹ kú ìrìn’ ní máàkì, kí ẹ sì wò ó bóyá ‘ẹ’ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ pé bátìrì fóònù àwọn kú lẹ́nu ọ̀rọ̀, tí òun sì wọ bàtà láti lọ pàdé wọn láìtíì fi nǹkan kan ẹnu, kí ẹ má fa igi pupa sí i.