Mẹ́ta Tó Kù

Láti oṣù kejì ọdún títí di oṣù karùn-ún, kajú ni ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ní Pira, ní orílẹ̀-èdè Benin. Àsìkò yẹn ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ CE2, ìyẹn kíláàsì kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní pínpín tó ní àṣẹ́kù. Faransé ni a fi ń ṣírò ní kíláàsì, ṣùgbọ́n èdè ilé ni wọ́n fi ń bá àbúrò wọn pín nǹkan, ibẹ̀ ni mo sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ka kóró kajú 23 sílẹ̀, mo pe ọmọ 4 jáde: "Ẹ pín in dọ́gba." Wọ́n á máa mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yípo, yípo. Àwọn mìíràn a máa dáwọ́ dúró nígbà tí oníkálukú bá ti ní 4, tí 7 ṣì wà nílẹ̀. N kì í sọ pé wọ́n ṣì í. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé: "Ṣé 7 yìí ò tún lè kárí?" Ojú wọn á là. Nígbà tó bá ku 3 ni wọ́n á tó gbà pé ó tán. Òfin inú ìwé, pé àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ kéré sí iye ẹni tí a ń pín in fún, ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n kí n tó kọ ọ́ sójú pátákó.

Ìgbà náà ni mo máa ń ní kí wọ́n fi kajú sílẹ̀. Ọmọ 23 ńkọ́, bí bẹ́ǹṣì kan bá gba ọmọ 4, bẹ́ǹṣì mélòó la ó wá? "Márùn-ún!" Mo ní ó dáa, ẹ jókòó. Ọmọ mẹ́ta á wà lóròó. Lọ́dún kan, ọ̀kan nínú wọn wò mí lójú, ó ní: "Màdáámù, àwa ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ń wá lẹ́nu wọn. Àwọn baba wa kò fojú kékeré wo ohun tó kù. Bí babaláwo bá gbá ikin 16, èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ló ń pinnu ohun tí yóò tẹ̀: ó ku ọ̀kan, ó tẹ méjì, ó ku méjì, ó tẹ ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ kejì, ọsàn 23 ni mo máa ń gbé wá. Mẹ́ta náà ló tún máa ń kù. Kajú kò ṣe é là ní kíláàsì, omi èèpo rẹ̀ ń jó ara. Ọsàn ṣe é là. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi bèèrè ọ̀bẹ. Ó ti wà nínú àpò mi láti ilé.