Ta Ni Ó Ni Iṣẹ́ Ọnà Tí A Fi Ẹ̀rọ Ṣe? Àgbéyẹ̀wò Orin "Can You Feel It" ti Larry Heard

Ìfáárà

Ó ti di àṣà láàrin àwa olùkọ́ láti fi ọwọ́ rọ́ orin tí a fi ẹ̀rọ ṣe sẹ́yìn. Ẹ̀sùn méjì ni a máa ń kà sí i lẹ́sẹ̀. Èkínní ni pé ohun kan náà ni ó ń tún sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì ni pé ẹ̀rọ ni ó ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ènìyàn. Ohun tí a ní lọ́kàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi orin kan ṣoṣo yẹ ẹ̀sùn méjèèjì wò. A ó rí i pé ìdáhùn wa sí wọn ni yóò sọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà fún wa. Orin tí a yàn ni "Can You Feel It", tí Larry Heard ti ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1986 lábẹ́ orúkọ Mr. Fingers.

Ibi tí orin náà ti ṣẹ̀

Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Chicago ni irú orin ijó tí à ń pè ní "house" ti ṣẹ̀. Orúkọ ilé ijó kan tí ń jẹ́ Warehouse ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé a gé kúrú di orúkọ orin náà. Níbẹ̀ ni Frankie Knuckles ti ń fi àwo orin dá àwọn oníjó lára yá láti ọdún 1977. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1984, àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà kò dúró de àwo tí ẹlòmíràn ṣe mọ́. Ẹni tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ ti lè ra ẹ̀rọ ìlù àti dùùrù oníná, pàápàá àlòkù. Wọn a ṣe orin nínú yàrá wọn, wọn a gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọn a sì gbé e tọ àwọn bíi Ron Hardy lọ ní ilé ijó Music Box kí ó fi dán àwọn oníjó wò. Bí ẹsẹ̀ wọn bá dáhùn, ẹni tí ó ṣe orin náà yóò wá owó tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ sórí àwo. Ọ̀kan nínú irú àwọn wọ̀nyí ni Heard, tí a bí ní ọdún 1960. Onílù nínú ẹgbẹ́ olórin ni kí ó tó ra dùùrù oníná ní ọdún 1984.

Àwítúnwí inú orin náà

Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú orin náà bí Heard ti kọ́kọ́ ṣe é. Ìlù kan ń lọ déédéé bí ìrìn ẹsẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ kan ń lọ ó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ohùn dùùrù gígùn sì ń bo àwọn méjèèjì bí ìkùukùu òwúrọ̀. Ìwọ̀nba ni ohun tí ó ń yí padà. Ǹjẹ́ àìmọ̀ọ́ṣe ni èyí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀wọ́ ìlù dùndún. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú ní tirẹ̀ kì í bá a pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí ó bá mú ni yóò máa tẹnu mọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ ìlù tí yóò sọ pé ẹni tí ó gbé gúdúgúdú kọ́rùn kò mọṣẹ́. Bí ó bá ṣì í lù, ẹsẹ̀ oníjó á ṣì. Nínú ewì wa pẹ̀lú, àwítúnwí a máa tẹnu mọ́ kókó, a sì máa fún ewì ní adùn létí. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè kì í ṣe pé "Ǹjẹ́ ó tún un sọ?", bí kò ṣe pé "Kí ni títún un sọ náà ṣe?" Nínú orin Heard, ohun tí kò yí padà ni ó ń mú kí etí wa mọ èyí tí ó yí padà. Bí ohùn kékeré kan bá wọlé tàbí tí ó bá kúrò, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a ṣí fèrèsé.

Kì í ṣe pé a ń sọ pé dùndún ni "house". Ìyáàlù ń fọ èdè Yorùbá. Dùùrù Heard kò fọ èdè kankan. Ẹni tí ó bá jókòó tí ó ń retí ìtàn nínú orin náà yóò retí títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn kan fi ọ̀rọ̀ tí ó jọ ìwàásù lé e lórí, ó sì gbà á láìjanpata. Àyè tí ó ṣófo náà kì í ṣe àbùkù. Ìjókòó ni ó jẹ́ fún ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ àti ẹni tí ń lò ó

Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Irú ẹ̀rọ tí Heard lò wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Chicago nígbà náà, ṣùgbọ́n orin wọn kò rí bákan náà. Ẹ̀rọ lè lu ìlù láìṣì. Kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ìlù náà dákẹ́. Yíyàn ni iṣẹ́ ọnà níhìn-ín, ènìyàn ni ó sì yàn.

Ta ni olóhun?

Bí yíyàn bá jẹ́ ti Heard, tirẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ní ọdún 1985, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé "Mystery of Love" jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Alleviated. Ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ó gbé "Can You Feel It" jáde ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 2020, Heard àti Robert Owens, akọrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbé ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀tọ́ wọn lọ sí kóòtù. Ní ọdún 2022 ni wọ́n parí rẹ̀, tí ẹ̀tọ́ lórí àwọn orin náà padà sọ́wọ́ wọn. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà náà.

Lónìí, kọ̀ǹpútà kan àti íntánẹ́ẹ̀tì tó láti ṣe orin kí a sì gbé e káyé, láìtẹ àwo kankan. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ lórí orin tí a kọ yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá bu ọwọ́ lu ìwé láìkà á dáadáa lè fi méjèèjì tọrẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkádìí

Kí àwọn tí ń múra ìdánwò rántí pé ohun tí iṣẹ́ kan ṣe ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe irinṣẹ́ tí a fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa olùkọ́. Bí a bá ń sọ fún ọmọ pé ẹ̀rọ ni ó ṣe orin rẹ̀, ohun tí à ń sọ fún un ni pé orin náà kò ní olóhun. Ohun tí kò bá sì ní olóhun, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni yóò gbé e lọ.